Ọkàn Màmá Ò Lè Gbà Á

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ lé àyà Àlhájà Zùwáírátù ni iyọ̀ ti kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Kò sí dókítà tó ní kí wọ́n yọ ọ́. Fáìzàh, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló dá a yọ, tìfẹ́tìfẹ́ ló sì fi ń ṣe é. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí à ń wí yìí, mọ́ínmọ́ín tó gbé síwájú ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ilé wọn ní Challenge kò níyọ̀, kò láta, epo tó wà nínú rẹ̀ kò sì tó kí ó fún un láwọ̀. Àlhájà fi ṣíbí gé e, ó tún gé e, ó gbé àwo náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Ìyá Ikrimah, àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ń jẹ ohun tó dùn ju èyí lọ."

"Ẹ má bínú, Màmá. Nítorí ọkàn yín ni."

"Ṣé ọkàn mi ló sọ fún ọ pé òun ò fẹ́ iyọ̀?"

Tẹ́lẹ̀, Fáìzàh ìbá ti fún un lésì, àwọn méjèèjì ìbá sì jọ rẹ́rìn-ín. Ó kàn gbé àwo náà, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Ojú ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ sí ọsibítù, kì í ṣe àyà. Awọ funfun kan ti dì bo ẹyinjú ọ̀tún Àlhájà pátápátá, ó sì ti ń ràn mọ́ ti òsì, débi pé bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ohùn ló fi ń mọ̀ ọ́n. Dókítà ojú ní iṣẹ́ kékeré ni. Wọn yóò kán oògùn sí ojú náà kí ó má mọ ìrora, wọn yóò yọ ohun tó bò ó, yóò sì padà sílé lọ jẹun ọ̀sán. Wọ́n dá ọjọ́. Àmọ́ ọsibítù aládàáni yìí, tó wà lójú ọ̀nà Ring Road, ní òfin kan: ẹnikẹ́ni tó bá ti dàgbà, ìbáà jẹ́ eéwo ni wọ́n fẹ́ là fún un, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yẹ ọkàn wò. Kò sí ẹni tó bi Àlhájà bóyá àyà ń dùn ún. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní kí ó dùbúlẹ̀, wọ́n lẹ okùn mọ́ ọn lára, ẹ̀rọ fa ilà gbágungbàgun sórí ìwé, ó sì fúnra rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sókè ìwé náà, tó túmọ̀ sí pé ilà yìí kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Bí iṣẹ́ abẹ ojú ṣe dúró nìyẹn. Wọ́n ní ó di ìgbà tí dókítà ọkàn bá wò ó, dókítà ọkàn náà kì í sì í wá ju Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo lóṣù lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìwé pélébé ṣe lè lé ènìyàn jáde nínú ilé tó ṣì jókòó sí, ẹ wo Àlhájà Zùwáírátù. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá òkè, wọ́n ní kí ó má gun àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ìgbálẹ̀. Bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn a yára pa á, kí ó má baà gbọ́ ohun tí yóò já a láyà. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, tó máa ń fò lé e lẹ́sẹ̀, ni wọ́n ń kó lọ sílé Ìyá Níyì, aládùúgbò wọn, kí ariwo wọn má baà dà á láàmú. Islamiyat, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Bódìjà, tí òun àti ìyá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ pẹ́ kí wọ́n má jà, wá di ẹni tí ń wí pé "bẹ́ẹ̀ ni, Màmá" sí gbogbo nǹkan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ àsàlátù ń wá kí i. Wọn a fìdí lé etí àga, wọn a máa rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn tí kò ní pẹ́ lọ, wọn a sì tètè dìde. Lẹ́yìn wọn, ilé a tún dákẹ́.

Èyí tó burú jù ni pé Ṣàkírù, àkọ́bí rẹ̀, ọkọ Fáìzàh, ti ránṣẹ́ sí wọn ní mọ́ṣáláṣí pé bí obìnrin kankan bá kú, kí wọ́n má pe ìyá òun mọ́. Bẹ́ẹ̀, Àlhájà Zùwáírátù ló ń wẹ òkú obìnrin fún ẹbí àti àdúgbò láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Òun ló wẹ ìyá rẹ̀. Òun ló wẹ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó wẹ Ràmátù, ọmọ bíbí inú ara rẹ̀, ó di irun orí rẹ̀, ó fi káfúrà pa á lára, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Obìnrin yìí ni wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ò lè gba ìròyìn tẹlifíṣọ̀n.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yí padà sí i. Ìyẹn ni Sàláwátù, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń gbé ní Agbowó. Kò sí òwúrọ̀ tí Sàláwátù kì í pè é lẹ́yìn ìrun àsùbáà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì ń mí?" ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, "àbí kí n máa bọ̀ wá pín aṣọ yín?" Àlhájà á bú u, òun náà á rọra bú u padà, wọn a sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi máa bọ́ sí i. Láti ọjọ́ àyẹ̀wò náà, inú ìpè yìí nìkan ni wọ́n ti ń bá Àlhájà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà láàyè. Ní àárọ̀ yìí, Sàláwátù kò pè.

"Ìyá Ikrimah!" ni Àlhájà ké sí ilé ìdáná. "Wá bá mi tẹ Sàláwátù láago. Ojú mi ò rí nọ́ńbà."

Fáìzàh jáde wá, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa láàárọ̀ yìí, Màmá."

"Gbìyànjú ẹ̀ wò ná."

Fáìzàh mú fóònù náà, ó gbé e sétí, kò tẹ nǹkan kan. "Kò lọ, Màmá."

Sàláwátù ti kú. Ó dìde láti ṣe àlùwàlá, ó ní òtútù ń mú òun, ó padà lọ dùbúlẹ̀ díẹ̀, kò sì jí mọ́. Abdulhafeez, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló pe Ṣàkírù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọn yóò sin ín lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ náà, bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń retí láti wá wẹ̀ ẹ́.

Nínú ilé ìdáná, Ṣàkírù àti ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ó máa dà, kí ohùn wọn má baà jáde. Islamiyat ti dé láti Bódìjà, ojú rẹ̀ ti wú.

"Bùọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká sọ fún Màmá," ló wí. "Ta ló tún fẹ́ wẹ Màmá Agbowó bí kì í bá ṣe àwọn?"

"Ṣé o ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ sọ ohun tó sọ ni?" ni Ṣàkírù fèsì. Ọ̀gá ni ní ilé iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, bó bá sì ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé akọ̀wé kan ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló ṣe máa ń rí. "Ọkàn tí wọ́n ní kò lè gba iṣẹ́ abẹ ojú, ìwọ fẹ́ lọ gbé ikú àbúrò wọn kò ó?"

"Wọn ò sọ pé kò lè gbà á. Wọ́n ní kí dókítà wò ó ni."

"Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀?"

"Ẹ rọra o," ni Fáìzàh wí. "Wọ́n á gbọ́ yín."

Ìyá Níyì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú abọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè tí kò níyọ̀, torí gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ nípa ọkàn Àlhájà. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó sì tètè rántí pé òun ò gbọ́dọ̀ pariwo.

"Ẹ má dán an wò," ló wí. "Bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n pè é lórí fóònù pé mọ́tò ọmọ ẹ̀ dànù. Ọmọ ò kú o! Bàbá ló kú. Ọkàn ò ṣe é fi ṣeré, ẹ jẹ́ n sọ fún yín."

"Ṣé ẹ̀rọ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọkàn bàbá yẹn ò dáa ni?" ni Islamiyat bi í.

"N ò mọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n kú."

Ṣàkírù na ìka sókè. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá sọ fún Màmá, tí Màmá bá ṣubú, òun ló pa wọ́n. Màá sì sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nínú ẹbí wọn, wọ́n ti dárí ji olè rí, wọ́n sì ti dárí ji ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá wọn lẹ́yìn wọn. Ẹni tí wọ́n bá ní ó pa ìyá rẹ̀, orúkọ náà ni yóò máa jẹ́ títí tí yóò fi kú. Islamiyat wolẹ̀. N ò ní parọ́ mọ́ Ṣàkírù, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀bi ń bà á ju ẹ̀rù ikú ìyá rẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wá fẹnu kò sí ibì kan. Òní yìí gan-an ni ọjọ́ dókítà ọkàn, ọ̀sán ni wọ́n sì ní yóò dé. Wọn yóò gbé Màmá lọ. Bí dókítà bá ní ọkàn náà lè gbà á, wọn yóò sọ fún un lójú ẹsẹ̀, wọn yóò sì ti ibẹ̀ wà á lọ sí Agbowó kí ó lọ wẹ àbúrò rẹ̀ kí Àlàásárì tó tó.

"Àyè wà," ni Ṣàkírù wí. "Àyè wà dáadáa." Ó pe Abdulhafeez pé kí wọ́n dúró.

Àlhájà wọ aṣọ ìjáde rẹ̀, wọ́n sì fà á lọ́wọ́ wọ mọ́tò bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ó tún bèèrè Sàláwátù lọ́nà. Ṣàkírù ní bóyá fóònù rẹ̀ ti kú. Islamiyat tó jókòó lẹ́yìn yí ojú sí fèrèsé.

Ní ọsibítù, wọ́n ní dókítà ṣì wà lọ́nà. Wọ́n fi Àlhájà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ṣàkírù lọ dúró ti nọ́ọ̀sì, Islamiyat bọ́ síta nítorí fóònù rẹ̀ tó ń dún. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlhájà lórí bẹ́ǹṣì náà kí i, ó ní Adégbìtẹ́ ni òun ń jẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.

"Kókó kan ló wà lẹ́yìn ọrùn mi," ló wí, "kò ju àgbálùmọ̀ kékeré lọ. Mo ní kí wọ́n bá mi gé e kúrò. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ yẹ ọkàn wò. Mo ní, ẹ̀yin ará ibí yìí, ṣé ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n kó ọkàn tèmi sí ni? Wọ́n ní òfin ni."

Àlhájà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pa á lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, àyàfi Sàláwátù. "Ojú ni mo bá wá ní tèmi."

"Ṣé àyà máa ń dùn yín tẹ́lẹ̀ ni?"

"Rárá o. Àmọ́ ó jọ pé ọ̀rọ̀ tèmi ti bàjẹ́, Tíṣà. Láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ mi ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ mi obìnrin ti sunkún, mo gbọ́ ọ nínú ohùn ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti sọ fún wọn pé mi ò ní pẹ́ kú, wọn ò wá fẹ́ kí n mọ̀."

Wọ́n pe orúkọ bàbá náà láti yàrá tí ẹ̀rọ wà, ó rọra dìde, ó sì wọlé. Àlhájà kò rí i pé ó ti lọ. Ó ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, nípa àbúrò òun kan tó máa ń pe òun láràárọ̀, tó jẹ́ aláwàdà, tí kò pè lónìí. Ó bi í bóyá òun náà ní àbúrò. Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó bá pákó lásán. Ó kó ọwọ́ náà padà sórí itan.

Dókítà kò dé. Wọ́n pe ìrun Àìlà ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ọsibítù, Àlhájà sì kírun lórí ìjókòó níbi tó wà. Nígbà tó parí, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń ṣàdúrà sókè díẹ̀ nítorí ó rò pé kò sí ẹnì kankan nítòsí. Islamiyat ti wọlé, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Ọlọ́run Ọba, bó bá jẹ́ èmi lo fẹ́ mú, mo gbà. Má fi ìyà jẹ mí. Bá mi dá Sàláwátù sí. Fún un ní ẹ̀mí gígùn, kí ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, kí ó sì jẹ́ pé òun ló máa wẹ̀ mí." Ó dánu dúró. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"O ò wá ní ṣe àmín ni?"

"Àmín," ni Islamiyat wí. Ó jáde, ó lọ di ògiri mú níta.

Ibẹ̀ ni ìpè Abdulhafeez ti bá a. "Àǹtí Islamiyat, ṣé Màmá ń bọ̀ àbí wọn ò bọ̀? Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán. Àlùfáà ní tí a ò bá wẹ̀ wọ́n báyìí, a ò ní bá ìrun. Ìyá Mánsúrù tó wà ní àsàlátù wa wà níbí, ó ní òun ti bá wọn ṣe é rí, àmọ́ òun ò dá a ṣe rí. Kí la fẹ́ ṣe?"

Islamiyat wo inú ilé láti ojú gíláàsì. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ojú sókè sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ṣàkírù ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn. Gbólóhùn kan péré ló kù kí ó wọlé lọ sọ, kí ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n gba táksì. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ó rí Ṣàkírù tó na ìka sí nọ́ọ̀sì náà bó ṣe nà án sí wọn láàárọ̀. Ó jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ máa wẹ̀ wọ́n," ló wí sínú fóònù.

Oòrùn ti ń yẹ̀ nígbà tí dókítà dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, Dókítà Ayọ̀kúnnúmi, ó ń sáré láti ọsibítù kan sí òmíràn, ó sì bẹ̀ wọ́n kí ó tó jókòó. Ó wo ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì yí ìjókòó rẹ̀ sí Àlhájà. Ó bi í bóyá àyà máa ń dùn ún. Àlhájà ní rárá. Ó bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú, bóyá òòyì ti gbé e ṣubú rí. Rárá ni. Ó bi í ohun tó lè ṣe nínú ilé kó tó rẹ̀ ẹ́.

"Kí wọ́n tó gba odó lọ́wọ́ mi, mo máa ń gún iyán fún ilé."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó fi ohun èlò rẹ̀ gbọ́ àyà náà, níwájú, lẹ́yìn, ó wo ẹsẹ̀, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò yára rárá. Ẹnikẹ́ni nínú ọsibítù náà kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún un rí láti ọjọ́ tó ti ń wá.

"Màmá, kí lẹ sọ fún wọn pé ó ń ṣe yín tí wọ́n fi ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí?"

"Ojú ni mo ní ó ń ṣe mí."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí Ṣàkírù. "Àwọn àgbàlagbà tó ń rìn kiri ní Dùgbẹ̀ lónìí, tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ yìí lé wọn láyà, ohun tó máa kọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyí. Ọjọ́ orí ni. Ọkàn Màmá ń lù dáadáa. Ká ní wọ́n ń ṣàròyé àyà ni, tàbí pé inú ni wọ́n fẹ́ là, èmi fúnra mi máa ní kí wọ́n ṣe é. Fún iṣẹ́ abẹ ojú bíi tiwọn, kò sí ohun tí àyẹ̀wò yìí fẹ́ bá wa ṣe. Wọn ì bá ti ṣe é fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dá."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn?"

"Ẹ̀rù. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú sí wọn lọ́wọ́, kí àwọn ará ilé wá bi wọ́n pé ṣé ẹ yẹ ọkàn ẹ̀ wò. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ títí. Òfin ni, ni wọ́n ń sọ fún mi. Owó ẹ̀ náà sì ń wọlé."

Ṣàkírù fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Islamiyat kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Dókítà, ṣé èèyàn lè sọ fún wọn pé ẹnì kan kú?"

Àlhájà yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí ibi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti wá. Lẹ́yìn ọsibítù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pe ìrun Àlàásárì.

"Sàláwátù ni," ni Àlhájà wí.

Dókítà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Ṣé nítorí ìwé yìí lẹ ò ṣe sọ fún wọn?"

Ṣàkírù ti dìde, ó ya apá méjèèjì láti gbá ìyá rẹ̀ mú bó bá ń ṣubú. Kò ṣubú. Ó ka "Ìnnà lílláàhì" dé òpin, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó jókòó gbọn-in.

"Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀, Màmá. Kí ilẹ̀ tó mọ́."

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Islamiyat bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ìyẹn ti tó èsì fún ìyá rẹ̀. Àlhájà dìde fúnra rẹ̀, ó ń wá ẹnu ọ̀nà kiri pẹ̀lú ọwọ́. "Ẹ gbé mi lọ," ló wí.

Gbogbo Mọ́kọ́lá ló kún fún mọ́tò. Ṣàkírù ń tẹ fèrè bí ẹni pé fèrè lè gbé mọ́tò fò, kò sì lè wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Àlhájà máa sọ̀rọ̀, Islamiyat ló kọjú ọ̀rọ̀ sí.

"Nígbà tí mò ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún un, tí mo ní kí o ṣe àmín."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"O ti mọ̀ nígbà yẹn."

"Mo ti mọ̀, Màmá."

"Ó dáa." Kò tún bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé Agbowó.

Àwọn ọkùnrin ti ń ti ibi ìsìnkú bọ̀, wọ́n ń gbọn erùpẹ̀ dànù ní ẹsẹ̀. Inú ilé kún fún obìnrin. Nígbà tí Àlhájà wọlé, gbogbo wọn dìde, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀ lójijì, nítorí ìròyìn ọkàn rẹ̀ ti dé Agbowó ṣáájú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe ẹni tó wẹ àbúrò òun wá. Ìyá Mánsúrù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ta òórùn ọṣẹ.

"Ẹ má bínú, Àlhájà. A dúró dè yín títí."

"O ṣeun. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ṣé apá ọ̀tún lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Apá ọ̀tún ni, Àlhájà."

"Irun orí ẹ̀ ńkọ́? Ṣé o tú u?"

"Mo tú u."

"O wá dì í lọ́nà mẹ́ta, o kó o sẹ́yìn?"

Ìyá Mánsúrù sorí kodò. "Wọ́n ń pariwo níta pé ká yára. Mo kàn kó o sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ni."

Àlhájà mi orí. "Omi yẹn, ṣé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Omi kànga ni, Àlhájà. Àyè àtigbé e kaná ò sí."

"Sàláwátù ò fẹ́ràn omi tútù," ni Àlhájà wí. "Láti kékeré. Èmi ni mo máa ń bá a po omi ẹ̀." Ohùn kan jáde láti inú rẹ̀, ẹkún tó ti ń bọ̀ láti àárọ̀ láì mọ orúkọ ẹni tó ń tìtorí rẹ̀ bọ̀.

Inú ilé dà rú. "Ẹ má sunkún o! Àlhájà, ẹ má sunkún! Ọkàn yín!" Ẹnì kan ń fẹ́ ẹ, ẹnì kan ń ti omi sí i lẹ́nu, àwọn méjì di apá rẹ̀ mú. Abdulhafeez, tí ìyá tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀, kúnlẹ̀ ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má dá kún ìṣòro àwọn. Ṣàkírù ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "Dókítà ní kò sí nǹkan! Dókítà ní ọkàn wọn dáa!" Wọn ò gbọ́ ọ. Màmá àgbà kan tó jókòó ní igun sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ bá ti rí, ó ti rí i, dókítà kàn ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá kó lọ dùbúlẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kó má gbọ́ ẹkún àwọn tó kù.

Àlhájà gba apá rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò jà, ó kàn gbà á ni. Ó fọwọ́ tọ ògiri, ó kọjá láàárín wọn, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tó mọ̀ pé wọn yóò ti wẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà ṣì tutù. Òórùn káfúrà wà níbẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ sínú omi náà pẹ̀lú aṣọ ìjáde rẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀ lórúkọ tí ìyá wọn fi ń pè é ní kékeré, ó sì sunkún.

Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sì sí ẹnì kankan tó wá jókòó tì í. Gbogbo wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo àyà rẹ̀.